ỌDÚN KAN NÍ ÌLÚ ONÍLÙÚ: Ẹ̀KỌ́ FÚN AGÙNBÁNIRỌ̀ ÀTI ÀWỌN ÒBÍ RẸ̀

 

 Ẹ̀kọ́ tí a gbé ka iwájú yín ní ọdún yìí kì í ṣe ẹ̀kọ́ náhàwù tàbí ti sọ́rọ́fù. Ọ̀rọ̀ nípa ọdún kan ṣoṣo ni, ọdún tí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì tàbí pólì fi ń gbé ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní agùnbánirọ̀. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá ni pé àwọn ọmọ ilé kéwú kò jókòó sórí ẹní nìkan mọ́. Wọ́n ń ti ìdí wàláà bọ́ sí LASU, sí Ìlọrin àti sí Ìbàdàn. Àwọn mìíràn ń ti Al-Azhar ní ilẹ̀ Íjíbítì tàbí Yunifásítì Mẹ̀dínà bọ̀. Bí wọ́n bá ti dé, ètò yìí ń dúró dè wọ́n. Ẹni tí ó bá ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó tó jáde ẹ̀kọ́ nìkan ni ìjọba ń fún ní ìwé pé kí ó máa lọ ilé rẹ̀, àti àwọn díẹ̀ mìíràn tí òfin yọ sílẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ: ọdún agùnbánirọ̀ àmáánà ni. Ẹni tí ó bá ṣọ́ ọ yóò jẹ èrè rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Ẹni tí ó bá fi jìbìtì kọjá rẹ̀, ìwé ẹ̀rí nìkan ni yóò rí mú bọ̀.

BÍ ÈTÒ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Láti ọdún 1967 di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé fi jà ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí ogun parí, ìbọn dákẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn kò tíì dákẹ́. Ọmọ Yorùbá kò mọ Ìgbò, ọmọ Ìgbò ń bẹ̀rù Háúsá, kálukú sì ń gbọ́ ìtàn ẹnìkejì láti ẹnu ẹlòmíràn. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon wá rò ó pé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kàwé ni kí àwọn kọ́kọ́ pò pọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1973 ni wọ́n gbé òfin kẹrìnlélógún ti ọdún náà jáde, tí ó dá ètò NYSC sílẹ̀. Ọ̀gágun Ahmadu Ali, tí ó jẹ́ dókítà oníṣègùn, ni ó kọ́kọ́ darí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ 2,364 ni ó lọ ní ọdún àkọ́kọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo ènìyàn yọ̀ mọ́ ọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìgbà náà fi ẹ̀hónú hàn, nítorí wọ́n rò pé ìjọba fẹ́ fi ọdún kan ṣòfò lára ọjọ́ ayé wọn. Síbẹ̀ ètò náà dúró. Ní ọdún 1993 ìjọba tún òfin rẹ̀ ṣe, nígbà tí ó sì di ọdún 2023 ó pé àádọ́ta ọdún géérégé. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ó ronú báyìí: ní ọdún 1973 yẹn kan náà ni orílẹ̀-èdè Gánà fi òfin gbé ètò ìsìnlú tirẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jáde ẹ̀kọ́.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ìdí nìyí tí ètò náà fi ń mú ọmọ kúrò ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ sí òmíràn. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe dára, ṣùgbọ́n jíjókòó tí ó jókòó ti ẹni tí kò jọ ọ́, tí wọ́n jọ ń fa omi, tí wọ́n jọ ń ná ọjà, òun gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú ìdí tí a fi rán an.

Ìpele mẹ́rin ni ọdún náà ní. Èkíní ni ibùdó, níbi tí wọ́n ti ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ti ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ìyànà-Ìpájà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fún wọn ní aṣọ kákí, bàtà àti fìlà, tí wọ́n ń jí wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní yíyan bí ológun àti iṣẹ́ ọwọ́ lóríṣiríṣi. Èkejì ni iṣẹ́ gan-an, ilé-ẹ̀kọ́ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá ara wọn. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, tí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún lọ́sẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìdágbére àti gbígba ìwé ẹ̀rí.

ỌDÚN KAN TÍ MUS‘AB LÒ NÍ YATHRIB

Ẹ̀yin ọmọ kéwú, kì í ṣe òde òní ni wọ́n ti ń rán ọ̀dọ́ lọ sí ìlú onílùú fún ọdún kan. Ní nǹkan bí ọdún 621 ti àwọn Òyìnbó ń kà, lẹ́yìn tí àwọn ọkùnrin méjìlá láti Yathrib ti bá Ànábì dá májẹ̀mú ní Aqabah, wọ́n nílò ẹni tí yóò máa kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́. Mus‘ab ọmọ ‘Umayr ni Ànábì rán. Ọmọ olówó ni Mus‘ab ní Mẹ́kà, gbogbo ìlú ni ó mọ aṣọ rẹ̀ àti òórùn dídùn tí ó máa ń lò, kí ó tó di pé ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan mẹ́ta nínú bí ó ṣe gbé ìlú náà. Èkíní, ó gba ilé onílé pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́: ọ̀dọ̀ As‘ad ọmọ Zurarah ni ó dé sí, ọmọ ìlú náà sì ni ó ń mú un káàkiri. Èkejì, nígbà tí Usayd ọmọ Hudayr gbé ọ̀kọ̀ wá bá a tìbínú-tìbínú pé kí ó kúrò ní àdúgbò àwọn, Mus‘ab kò bá a jà. Ó rọ̀ ọ́ pé kí ó jókòó kí ó gbọ́ ná, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwọn yóò dákẹ́. Usayd fi ọ̀kọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀, ó jókòó, kò sì dìde títí ó fi gbà. Ẹ̀kẹta, ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Nígbà tí ọdún yí po, àwọn tí ó lé ní àádọ́rin ni ó wá sí Aqabah láti ìlú náà. Ọdún kan péré ni, ìlú kan sì ti yípadà. Kì í ṣe owó ni ó fi ṣe é, kì í ṣe agbára. Sùúrù, ìmọ̀ àti ìwà ni.

ẸNU ÀTI KÁLÀMÙ ÀLEJÒ

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó sún mọ́ ilé. Ní oṣù kẹta ọdún 1961 ni Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ Peace Corps sílẹ̀, láti máa rán àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ rán wọn sí. Àwọn tí ó kọ́kọ́ dé sí ìlú Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Marjorie Michelmore, ọmọ ọdún 23, kọ káàdì kékeré kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ó ṣàpèjúwe bí ó ṣe rí ará Ìbàdàn, bí wọ́n ṣe ń dáná tí wọ́n sì ń tajà ní ojú títì, lọ́nà tí ó fi hàn pé inú ẹ̀gbin ni wọ́n ń gbé. Káàdì náà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i he, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri, ni ariwo bá ta. Ó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò lè dúró mọ́, ó padà sí ilé rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó kù ni ó fara da ìtìjú náà, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ wọn tún orúkọ ṣe.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ó ṣeé ṣe kí ọmọbìnrin náà má ní èrò ibi lọ́kàn. Ohun tí ojú rẹ̀ kò rí rí ni ó kọ. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ kí ó tó mọ àwọn ènìyàn náà, ìyẹn ni àṣìṣe ibẹ̀. Ní ọjọ́ òní, agùnbánirọ̀ kò nílò káàdì. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán ilé amọ̀ tí ó yà tí ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ onílé náà lè rí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ jẹ́ kí oṣù mẹ́ta kọjá kí ẹ tó sọ pé ẹ mọ ìlú kan, kí ẹ má sì sọ nípa ẹni tí ó gbà yín sílé ohun tí ẹ kò lè sọ lójú rẹ̀.

OHUN MẸ́RIN TÍ AGÙNBÁNIRỌ̀ YÓÒ DÌ MỌ́ ẸRÙ

1. Èdè. Kí o tó gbéra, kọ́ ìkíni ìlú tí o ń lọ. Ẹni tí wọ́n rán lọ sí Kano tàbí Kaduna, kí ó mọ “Ina kwana” tí wọ́n fi ń kíni láàárọ̀ àti “Na gode” tí wọ́n fi ń dúpẹ́. Ẹni tí ó ń lọ sí Enugu, kí ó mọ “Daalụ”. Ọmọ kéwú tilẹ̀ ní àǹfààní tí ẹlòmíràn kò ní. Bí Háúsá bá pe ìwé ní “littafi”, ọmọ tí ó mọ kitaabu yóò rí i pé ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Bí ó bá pe kálàmù ní “alƙalami”, ìwọ náà mọ qalam. Àlàáfíà tiwa ni “lafiya” tiwọn. Àtàláátà, Àlàrùba àti Àlàmísì tí àwọn bàbá wa ń pè, “Talata”, “Laraba” àti “Alhamis” ni wọ́n níbẹ̀. Ṣé ẹni tí ó ní ìmọ̀ yìí yóò wá lo ọdún kan kí ó má lè ná ọjà?

2. Iṣẹ́. Ibí yìí ni àmáánà ti wúwo jù. Àwọn kan wà tí wọ́n ń bá ọ̀gá ibi iṣẹ́ dìmọ̀ pọ̀, tí ọ̀gá yóò máa fọwọ́ sí ìwé lóṣooṣù pé wọ́n wà níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ti padà sí Èkó tí wọ́n ń ṣe òwò ara wọn. Wọ́n ń pe èyí ní ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: owó iṣẹ́ tí a kò ṣe, kí ni orúkọ rẹ̀? Ìwé tí a fọwọ́ sí pé a wà níbi tí a kò sí, kí ni orúkọ rẹ̀? A kò lè pe irú owó bẹ́ẹ̀ ní hàláálì. Ẹ̀tọ́ ìjọba nìkan kọ́ ni ó sì gùn ní ọrùn. Kíláàsì kan wà tí ó ń retí olùkọ́ ìṣirò, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ sì jókòó láìsí olùkọ́ títí ìdánwò fi dé. Ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni ó burú jù, nítorí a kò mọ ibi tí a ó ti rí wọn láti tọrọ àforíjì.

3. Owó. ₦33,000 ni ìjọba ń san lóṣù láti ọdún 2020. Ní ọdún 2025 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí san ₦77,000. Owó kékeré ni ní ìgboro, nítorí ilé, ọkọ̀ àti oúnjẹ ń dúró dè é. Nítorí náà, kọ́kọ́ béèrè bóyá ibi iṣẹ́ rẹ ń fúnni ní ilé. Bí kò bá sí, ilé tí ó sún mọ́ ibi iṣẹ́ sàn ju ilé rèterète tí owó ọkọ̀ yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ agùnbánirọ̀ Mùsùlùmí, MCAN, ní ibùgbé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kírun pọ̀ tí wọ́n sì ń dáná pọ̀. Ẹni tí ó bá lè fi ₦10,000 pamọ́ lóṣooṣù, ₦120,000 ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí oṣù méjìlá bá pé. Ẹni tí kò bá lè fi ìyẹn pamọ́, kí ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan. Ránṣọ-ránṣọ àti atúnfóònù-ṣe wà ní ìlú gbogbo.

4. Ẹgbẹ́. Ìlú tí bàbá kò ti rí ọ, tí àfáà kò ti mọ̀ ọ́, níbẹ̀ ni a ti ń mọ ohun tí ọmọ kó sínú. Ní ilé, ariwo ìyá ni ó ń jí ọmọ fún Àsùbáà. Ní ìlú onílùú, ara rẹ̀ ni yóò jí ara rẹ̀. Kí ó tètè wá mọ́sálásí àdúgbò, kí ó jẹ́ kí lèmọ́mù mọ orúkọ òun. Bí àìsàn bá dé lóru, ẹni tí a mọ̀ ni à ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

ẸYIN ÒBÍ

Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín púpọ̀. Bí orúkọ ọmọ bá jáde sí ọ̀nà jíjìn, ẹkún ni ilé ń gbà. A kò dá yín lẹ́bi, nítorí ọmọ kò ṣeé rà lọ́jà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, àwọn agùnbánirọ̀ kan pàdánù ẹ̀mí wọn ní ìpínlẹ̀ Bauchi nínú rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé ìdìbò. Kò sí òbí tí yóò gbàgbé ìyẹn. Kí Ọlọ́hun tẹ́ àwọn ẹbí wọn nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya àyà tí ó já nítorí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àyà tí ó kàn ń já. Ètò náà fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà sílẹ̀. Obìnrin tí ó ní ọkọ lè béèrè pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ibi tí ọkọ òun wà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá lè mú ìwé dókítà lọ. Ẹni tí ibi tí wọ́n rán an sí kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi, ẹ̀tọ́ ni. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀bi ni kí ara ọmọ dá ṣáṣá kí a lọ ra ìwé pé ikọ́ fée ń ṣe é, tàbí kí a ṣe ìwé ìgbéyàwó fún ọmọbìnrin tí ẹnikẹ́ni kò tíì so yìgì rẹ̀. Bí bàbá bá fi irọ́ ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba àkọ́kọ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò ṣe, báwo ni yóò ṣe sọ fún un lọ́la pé kí ó má jalè ní ọ́fíìsì? Irọ́ yẹn ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ gbà lẹ́nu iṣẹ́, bàbá rẹ̀ gan-an sì ni olùkọ́.

Bí ọmọ yóò bá lọ, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ìlú náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti gbé ibẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni tí ó dé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún un kí ó má rin ìrìn òru lójú pópó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àdúrà tì í.

ÀWA TÍ A JẸ́ ONÍLÉ

Ọ̀rọ̀ kù sí ọwọ́ àwa ará Imota náà. Bí a ti ń rán ọmọ lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rán ọmọ ẹlòmíràn wá bá wa. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ìkòròdú lónìí yóò rí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, yóò sì rí Yunifásítì Caleb. Ṣùgbọ́n àwọn ohun ńlá wọ̀nyí kò lè sọ fún un ibi tí omi tí ó mọ́ wà, kò sì lè sọ fún un iye tí onílé ń gbà gan-an. Ọmọ Benue tàbí ọmọ Anambra tí kò gbọ́ Yorùbá, tí a bá fi owó ilé ìlọ́po méjì lé e lórí nítorí pé ó wọ kákí, kí ni yóò rò nípa wa? Kí ni a sì fẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ ṣe fún ọmọ tiwa tí ó wà ní ọ̀dọ̀ wọn?

As‘ad ọmọ Zurarah tí ó gba Mus‘ab sílé ní ìpín nínú gbogbo iṣẹ́ tí Mus‘ab ṣe. Bí ẹ bá ní yàrá kan tí ó ṣófo, ẹ fi í sílẹ̀ fún olùkọ́ tí ó wá kọ́ ọmọ yín ní owó tí apá rẹ̀ ká, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Ẹ pè é síbi oúnjẹ Iléyá. Ẹ kọ́ ọ ní “ẹ káàárọ̀”. Kò ní gbàgbé yín títí ayé.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́nà, kí ó mú wọn délé láyọ̀, kí ó má jẹ́ kí a fi ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ wa ṣòfò. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ KÍLÁÀSÌ ÒKÈ

1. Ọdún wo ni wọ́n dá ètò NYSC sílẹ̀, kí sì ni ohun tí ó fà á?
2. Sọ nǹkan mẹ́ta tí Mus‘ab ọmọ ‘Umayr ṣe ní Yathrib tí agùnbánirọ̀ lè fi ṣe àwòkọ́ṣe.
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó béèrè pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn nítorí àìsàn tòótọ́ àti ẹni tí ó ra ìwé dókítà?
4. Wá ọ̀rọ̀ Háúsá márùn-ún tí ó bá èdè Lárúbáwá tan, yàtọ̀ sí àwọn tí a kọ sókè. Kọ wọ́n ní ìwé Lárúbáwá, kí o sì sọ ìtumọ̀ wọn ní Yorùbá.